Ta Ló Tà Mí Fún Ọ?

Bódìjà, Ìbàdàn.
8 Oṣù Kẹta, 2025.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Àwọn ìwé tí o kó fún bàbá rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà wọ́n. Mo yẹ ilé 58 tó wà nínú ìwé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi bírò pupa sàmì sí ibi tó yẹ kí a ti jọ sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ ní kí n tètè fèsì, pé bàbá tó fẹ́ ta iléeṣẹ́ ìbójútó ilé wọn fún ọ ń fẹ́ ìdáhùn kí oṣù yìí tó parí. Jẹ́ kí oṣù parí. Bí ẹni tó ń tajà bá ń kánjú, ẹni tó ń rà ló yẹ kó fara balẹ̀.

Inú mi dùn sí ọ, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun. Ọdún kẹfà rèé tí o ti dá dúró, tí o ń bá àwọn ènìyàn bójú tó ilé wọn ní Súrùlérè àti Yábàá. Ilé 26 wà lọ́wọ́ rẹ, kò sì sí onílé kan tó tíì sọ pé òun ń wá owó òun lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ iye àwa tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí tí owó ayálégbé ti kó sí ìjọ̀gbọ̀n, nítorí náà mo mọ ohun tí mo ń yìn ọ́ fún.

O bi mí pé kí o rà á tàbí kí o má rà á. Kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi ní 1998. Bàbá rẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún ọ, torí ó mọ̀ pé ó ṣì ń dùn mí.

Òkè-Àdó ni ọ́fíìsì mi wà nígbà náà. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí fẹ́ kó lọ sí òkè òkun, ó ní kí n wá ra iléeṣẹ́ òun. Ilé 43 ló wà nínú ìwé rẹ̀. Mo ka ilé, mo ka owó, mo ṣírò èrè, mo sanwó. N kò lọ bá onílé kankan sọ̀rọ̀, torí ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde, kí ẹ̀rù má baà ba àwọn onílé. Lójú tèmi nígbà náà, ọgbọ́n ni. Ní oṣù kejì, bàbá àgbàlagbà kan láti Òkè-Bọ́là gun àtẹ̀gùn wá bá mi, agbòòrùn lọ́wọ́ wọn. Mo fún wọn ní àga, wọn ò jókòó. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ta ló tà mí fún ọ? Ṣé ẹrú ni mí?"

N kò rí èsì fọ̀. Orúkọ wọn wà nínú ìwé tí mo rà, nọ́ńbà ilé wọn wà níbẹ̀, iye tí ilé náà ń mú wọlé wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ àti fáìlì wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n sì ní ọ̀rẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ wọn náà sì ní ilé. Kí oṣù 14 tó pé, ilé 19 ti lọ nínú 43, mo sì ti san owó gbogbo wọn pátá.

Àjọkẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ wà. Bàbá tó ń pè ọ́ wá rajà yẹn ò ní ilé kan tí wọ́n fẹ́ tà. Àwọn ẹlòmíràn ló ni ilé 58 náà. Ohun tí bàbá ní ni pé àwọn onílé wọ̀nyẹn fọkàn tán wọn, wọ́n mọ ojú wọn, wọ́n mọ ohùn wọn lórí fóònù. Mo wá ìwé àdéhùn láàárín bàbá àti àwọn onílé nínú ohun tí o kó ránṣẹ́; 17 ni mo rí. Ti àwọn 41 tó kù, ẹnu lásán ni. Onílé tó bá fi ẹnu yan aṣojú lè fi ẹnu náà yọ ọ́ lọ́la, òfin ò ní bi í ní ìdí. Kódà àwọn 17 tó ní ìwé, bàbá ni wọ́n bá ṣàdéhùn, wọn ò bá ọ ṣe é. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kí ọ̀rọ̀ náà tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ.

Jẹ́ ká dé orí owó. Bàbá sọ fún ọ pé ₦24 mílíọ̀nù ló wọlé fún wọn lọ́dún tó kọjá, pé ₦36 mílíọ̀nù tí àwọn ń béèrè ò ju owó ọdún kan àti ààbọ̀ lọ. Mo ya ₦24 mílíọ̀nù yẹn sí méjì. ₦13.6 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ kọ́míṣọ̀n àti owó àgírímẹ́ǹtì tí àwọn ayálégbé tuntun san. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ayálégbé ń san irú owó bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ rí i lọ́dún yìí, o ní láti tún wá ayálégbé mìíràn, kí o mú un wo ilé, kí o gbà á níyànjú, kí o ṣe ìwé rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ni wàá fi rìn ín. Kí ló dé tí wàá fi sanwó fún ẹlòmíràn lórí ìrìn tí ìwọ fúnra rẹ máa rìn? Owó ìbójútó ilé gan-an ni ₦10.4 mílíọ̀nù tó kù, ìdá kan nínú mẹ́wàá tí wọ́n ń yọ nínú owó ilé kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí onílé. Èyí ni kànga. Òjò ni ti àkọ́kọ́.

Wàyí o, wo ojú ewé 9, ibi tí mo fi bírò pupa yí ká. Ohun tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ kí n dìde lórí àga. Ilé 11 ni wọ́n ti gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ayálégbé ní 2024, wọ́n sì ti yọ owó ìbójútó ọdún méjèèjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ₦3.8 mílíọ̀nù. Òfin Ìyálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò fọwọ́ sí kí onílé tàbí aṣojú rẹ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àfi ní Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island tí òfin náà yọ sílẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú ilé 11 yẹn tó wà níbẹ̀. O mọ̀ bí mo ṣe mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é, èmi ò sì ní kí o lọ fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí ni pé owó iṣẹ́ ọdún 2025 lórí ilé 11 yẹn ti tán, bàbá ti ná an. Ìwọ ni wọn yóò máa pè nígbà tí páìpù bá bẹ́, tí sọ́kàwèé bá kún, tí ará òkè bá ń bá ará ìsàlẹ̀ jà lórí omi. Kọ́bọ̀ kan ò ní wọlé fún ọ níbẹ̀ títí owó ilé yóò fi tún pé. Yọ ₦3.8 mílíọ̀nù yẹn kúrò nínú ₦10.4 mílíọ̀nù, ohun tó kù fún ọ lọ́dún yìí ni ₦6.6 mílíọ̀nù, bí ẹnikẹ́ni ò bá tilẹ̀ lọ.

Nínú rẹ̀ ni wàá ti san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn méjì, owó ọ́fíìsì Yábàá, epo ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀. Ìwọ fúnra rẹ kọ ₦4.2 mílíọ̀nù sílẹ̀ fún ìyẹn. Ó ku ₦2.4 mílíọ̀nù. O sì ní o fẹ́ yá ₦20 mílíọ̀nù ní bánkì, pé wọ́n ní èlé rẹ̀ yóò jẹ́ 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò yà mí lẹ́nu. Ní Oṣù Kọkànlá 2024 ni Central Bank gbé èlé tirẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé ọdún kan lórí ₦20 mílíọ̀nù, ₦6.4 mílíọ̀nù ni. Iléeṣẹ́ tí yóò mú ₦2.4 mílíọ̀nù wọlé fún ọ ni o fẹ́ fi san ₦6.4 mílíọ̀nù. Àwọn ilé 26 tìrẹ tí o fi òógùn rẹ kó jọ ni yóò máa bọ́ tuntun, bánkì ò sì ní dúró dè ọ́.

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Owó kọ́ṣọ̀n, èyí tí ayálégbé fi ń dúró nítorí ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, ni mo fẹ́ sọ báyìí, kí o sì jọ̀wọ́ fara balẹ̀ ka ibí yìí.

Nínú ilé 24 tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn 1998, ilé alájà méjì kan wà ní Mókọ́lá tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé. Nígbà tí onílé fẹ́ tún ilé náà kọ́, àwọn ayálégbé kó ẹrù wọn jáde ní wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n sì wá béèrè owó kọ́ṣọ̀n wọn. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Mo wá owó náà nínú àkáǹtì tí mo rà, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ta iléeṣẹ́ fún mi ti fi owó àwọn ènìyàn tún ọkọ̀ ṣe, ó ti fi san owó ilé ìwé, mo rò pé ó tilẹ̀ gbàgbé pé kì í ṣe owó òun. Obìnrin kan wà lára wọn tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Mókọ́lá. Owó yẹn ló fẹ́ fi kún èyí tí yóò fi gba yàrá mìíràn, ẹrù rẹ̀ sì wà lójú títì. Mo ta Peugeot 504 mi, mo sì san án fún àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bàbá rẹ ló bá mi wá ẹni tó rà á.

Gbogbo rìsíìtì kọ́ṣọ̀n tó wà nínú ìwé tí o fi ránṣẹ́, mo rò wọ́n pọ̀. Ó lé díẹ̀ ní ₦9 mílíọ̀nù. Ìwé bánkì tó fi hàn pé owó náà wà níbì kan, n kò rí i. Ó lè wà. Béèrè fún un. Òfin 2011 kan náà sọ pé rìsíìtì ọ̀tọ̀ ni kí a máa kọ fún irú owó yìí, àti pé ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àkọsílẹ̀ bí a ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà. Ní England, láti 2007 ni wọ́n ti ní kí a máa fi irú owó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí, torí náà àwọn onílé rẹ tó ń gbé London mọ ohun tí wọ́n ń béèrè nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ pé owó kọ́ṣọ̀n dà. Bí owó náà ò bá sí, gbèsè ₦9 mílíọ̀nù ni bàbá fẹ́ dì mọ́ ọjà fún ọ, iye tí wọ́n ń béèrè kì í tún ṣe ₦36 mílíọ̀nù mọ́. ₦45 mílíọ̀nù ni.

Ilé ńlá Ìlúpéjú tí fúláàtì 24 wà nínú rẹ̀, kí o tún yẹ̀ ẹ́ wò. 2022 ni wọ́n ti pinnu iye tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan yóò máa san fún dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀ṣọ́ àti ìmọ́tótó, wọn ò sì fi kún un láti ìgbà náà. O mọ ohun tí ojú wa ti rí lórí epo láti 2023. Ojúlé náà sì wà lórí Band A, tí wọ́n gbé owó iná rẹ̀ dé ₦225 lórí kílówáàtì kan fún wákàtì kan ní Oṣù Kẹrin 2024. Ẹnì kan ń fi owó tirẹ̀ dí ihò yẹn. Wá ẹni náà rí.

Ti Àlàájì tó ni ilé mẹ́ta ní Súrùlérè ló tún kan. ₦2.1 mílíọ̀nù ni ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń mú wọlé fún bàbá lọ́dún, kò sí onílé mìíràn tó súnmọ́ ọn. O kọ ọ́ pé Àlàájì ti pé ẹni ọdún 84, wọ́n ní ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ 11, díẹ̀ nínú wọn ní Houston, díẹ̀ ní Èkó. Kí Ọlọ́run fún wọn ní ẹ̀mí gígùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Àlàájì bá dákẹ́, àṣẹ tí wọ́n fún aṣojú wọn dákẹ́ pẹ̀lú wọn. Bí wọn ò bá ṣe ìwé ìhágún, àwọn ilé náà lè di ilé ẹbí, kí dáwódù gba ìṣàkóso, kí wọ́n sì dé orí pínpín: ṣé ìdí-igi ni, iye ìyàwó, tàbí orí-ò-jorí, iye ọmọ? Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló wà nídìí rẹ̀, ó sì rìn títí dé Privy Council ní London ní 1962. Ẹni tó ń gba owó ilé nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn yóò máa tẹ̀ láago, ọmọ ìyàwó àgbà á ní kó san án fún òun, ọmọ ìyàwó kékeré á ní kò gbọdọ̀ san án. Mo ti jókòó sí àárín irú wọn rí ní Òkè-Àdó fún ọdún mẹ́rin. Torí náà, n kò ní san owó kankan lónìí lórí ilé Àlàájì. Bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ lọ́dún tó ń bọ̀, kí o san án nígbà náà.

Lọ́yà bàbá kọ ọ́ sínú ìwé pé odindi iléeṣẹ́ náà ni wàá rà, orúkọ rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Kọ̀ fún wọn. Bí o bá ra iléeṣẹ́, gbogbo ohun tí iléeṣẹ́ náà jẹ ti di tìrẹ: VAT ìdá 7.5 lórí kọ́míṣọ̀n, bí ó bá wà lára ohun tó yẹ kí wọ́n ti máa san, ẹjọ́ ayálégbé tí wọ́n lé jáde láì fún un ní nótíìsì oṣù mẹ́fà tó tọ́ sí ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún, àti gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ. Jẹ́ kí iléeṣẹ́ wọn dúró sí ọwọ́ wọn. Kí onílé kọ̀ọ̀kan tó bá gbà bá iléeṣẹ́ tìrẹ tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ ìwé owó, o ní ó ti tó ọdún 15 tó ti wà lọ́dọ̀ wọn. O fi ìlà kan péré kọ nípa rẹ̀. Lójú tèmi, òun ni olórí ohun tó wà nínú iléeṣẹ́ yẹn. Òun ló mọ onílé tí kì í gba ìpè lọ́jọ́ Jímọ̀, ayálégbé tó ń sanwó pẹ́ ṣùgbọ́n tó ń san án pé, púlọ́ḿbà tí kò ní gbowó kó sá lọ. Nígbà tí wọ́n ta iléeṣẹ́ tèmi yẹn fún mi, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, n kò sì kà á sí. Ó lọ ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ sí Dùgbẹ̀, méje nínú àwọn onílé tó fi mí sílẹ̀ ló tẹ̀ lé e lọ. N kò bínú sí i. Lọ kí i, jókòó tì í, bi í léèrè bóyá ó fẹ́ bá ọ ṣiṣẹ́ àti iye tó fẹ́ gbà. Má jẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́ ọ.

N kò pe bàbá yẹn ní olè o. Orúnkún ń dùn wọ́n, àwọn ọmọ wọn ti kó lọ sí Kánádà, wọ́n fẹ́ kí ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ wọn ní iye lórí, mo sì mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó bá dé ibẹ̀. Iye náà wà. Ohun tí mo rí ni pé kò tíì sí ẹni tó lè sọ ọ́ lónìí, àfi àwọn onílé fúnra wọn.

Bí ó bá jẹ́ èmi, báyìí ni n ó ṣe é. N ó lọ bá bàbá, n ó kúnlẹ̀ kí wọn, n ó ní kí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn onílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn ń fẹ̀yìn tì, pé ọmọ tí àwọn fọkàn tán rèé. Àwọn tó wà lókè òkun, kí a jọ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí wọ́n rí ojú mi. Èyí tó bá ní òun ò fẹ́, kó máa lọ ní àlàáfíà, a ò ní sanwó lórí rẹ̀. Lórí àwọn tó bá tọwọ́ bọ̀wé, n ó san ₦5 mílíọ̀nù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n ó sì san èyí tó kù lẹ́ẹ̀mẹta, oṣù mẹ́fà sí oṣù mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí iye ilé tó bá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ kò ní kọjá ₦15 mílíọ̀nù. Kí owó kọ́ṣọ̀n wọ àkáǹtì ọ̀tọ̀ kí n tó san kọ́bọ̀. ₦5 mílíọ̀nù yẹn, o ní in nílẹ̀, o ò ní wọ bánkì kankan. Bí bàbá bá ní kò tó, tí wọ́n sì rí ẹlòmíràn tó máa san ₦36 mílíọ̀nù lẹ́ẹ̀kan, kí o kí wọn kú oríire. Àwọn kan nínú onílé wọn á ṣì wá ọ wá láàárín ọdún méjì, torí Súrùlérè kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò ní gbọ́ orúkọ rẹ.

Ó ku ohun kan. Bàbá rẹ sọ fún mi pé òun fẹ́ ta ilẹ̀ Mòwé kí òun lè fi kún owó náà fún ọ. Ẹkún ló fẹ́ gbọ̀n mí nígbà tí mo gbọ́, torí mo mọ bó ṣe rà á, díẹ̀díẹ̀, nínú owó tíṣà. Mo ti ní kó má tíì fi ìwé ilẹ̀ náà han ẹnikẹ́ni. Ó gbà fún mi, ṣùgbọ́n ó ní àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá sọ bẹ́ẹ̀. Pè é lálẹ́ òní.

Wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lọ́jọ́bọ̀, n ó rán ẹni wá pàdé rẹ ní ibùdókọ̀ Mọ́níyà. Kó fáìlì 17 tó ní àdéhùn wá, kí o sì gba ìwé bánkì owó kọ́ṣọ̀n náà lọ́wọ́ bàbá. Bí wọn ò bá tíì fún ọ, máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, a jọ máa kọ lẹ́tà tí wàá fi béèrè rẹ̀. Má tọwọ́ bọ ohunkóhun kí o tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Màmá Bódìjà.